Ìgò Mẹ́ta Láti Ajah Dé Oníru

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, nígbà tí mo jáde nílé ní Ajah pẹ̀lú ìgò kékeré mẹ́ta nínú báàgì mi. Omi dúdú ló wà nínú wọn. Èérún irin tí òòfà ń fà ló sọ omi náà di dúdú. Èérún yìí kéré débi pé bí a bá to ọgọ́rùn-ún nínú wọn tira, wọn kò ní kọjá ìbú fọ́nrán irun orí kan. Nánò ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe wọn. Ti ìgò kìíní rí róbótó, ti ìkejì ní igun bíi ṣúgà onígun, ti ìkẹta sì gùn bíi hóró ìrẹsì. Irin kan náà ni gbogbo wọn. Dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wa ní yàrá ìwádìí fẹ́ mú irú kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ó fi máa fọ omi kànga ẹ̀rọ mọ́: èérún á so mọ́ ìdọ̀tí, òòfà á fa àwọn méjèèjì jáde, a ó sì tún èérún náà lò. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé àwọn gígùn ló dára jù, torí àwọn ló ń yára lọ bá òòfà jù. Iṣẹ́ ọdún méjì tí wọ́n fẹ́ gbà mí sí wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá ṣì í, òpin oṣù ni tèmi parí.

Àlàájì Múrí ló wa ọkọ̀ tí mo fi fóònù pè láti gbé mi lọ sí Oníru, níbi tí a ti fẹ́ fi ẹ̀rọ wo ìrísí èérún náà. Wọ́n ní kí n dúró kí àwọn kírun àsùbáà, mo sì dúró. Ní Ìsẹ́yìn nílé wa, igi àti ilé olókìkí la fi ń júwe ọ̀nà. Ráńdábáòtù ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀ níhìn-ín, títí kan èyí tí ìjọba ti hú kúrò. Ọ̀nà náà gbòòrò, iná rẹ̀ sì ń tàn dáadáa níbi tí a gbà.

Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nínú ìgò, Àlàájì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní omi Ajah ti sọ jálàmíà funfun àwọn di àwọ̀ tíì. "Ohun dúdú yìí ló máa wá fọ omi mọ́? Bí mo bá sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi ò ní gbà mí gbọ́."

A dé Oníru ní aago mẹ́fà àbọ̀. Ìrẹsì àti ẹja tí mo jẹ níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, ó sì dùn, mi ò lè purọ́. Ní aago mẹ́jọ, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tó ń bójú tó maikirosikóòpù ńlá, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, tí a háyà fún wákàtí kan, ní kí n gbé ìgò wá. Mo ṣí báàgì. Gbogbo èérún ti lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, omi ìsàlẹ̀ sì mọ́ gaara. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé òòfà ni wọ́n fi ń pa ìdérí báàgì náà dé.

"Ọmọ yunifásítì," Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, "o gbé irin sínú báàgì olóòfà?"

Ojú tì mí. A mi àwọn ìgò náà. Èérún róbótó tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi rẹ̀ sì padà di dúdú. Onígun náà tú ká, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ṣì ṣù pọ̀. Àwọn gígùn kò tú rárá.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ kán díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwọ̀n wẹ́wẹ́, ó gbẹ, wọ́n sì tì í sínú ẹ̀rọ. Mi ò tíì rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ rí. Igun àwọn onígun mú ṣáká. Mo ti kà á pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lára irú wọn, wọ́n máa ń gbóná gan-an, àwọn oníṣègùn sì ń wò ó bóyá ooru yẹn lè pa jẹjẹrẹ. Èmi kò tíì rí ìyẹn fúnra mi. Àwọn gígùn sùn ti ara wọn, orí èyí kan ìdí tọ̀hún, bí ẹni pé òòfà ṣì wà lára wọn.

"Àwọn yìí ò gbàgbé òòfà," Àǹtí Bọ́sẹ̀ sọ. "Róbótó ti gbàgbé."

Mo bi wọ́n bóyá ìrísí nìkan ló fà á, torí àwọn gígùn tún fi díẹ̀ tóbi ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ní kí n lọ bi Dókítà wa, ohun tí ẹ̀rọ rí ni àwọn ń sọ.

Mo padà sí yàrá ìwádìí ní Ajah, mo bu omíràn tí kò bá mi rìnrìn àjò, mo sì gbé òòfà tì í. Nígbà tí mo mú un kúrò, bákan náà ló rí: àwọn gígùn kò tú ká. Bí wọ́n ṣe ń lọ bá òòfà ni mo ti ń wò láti oṣù mẹ́fà. Mi ò wo bí wọ́n ṣe ń kúrò lára rẹ̀. Èyí tí kò bá tú ká, a kò lè tún un lò. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ nípa títóbi wọn kún un, mo sì gbé e fún Dókítà.

Wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀. "Ta ló ní kí o kọ èyí?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n fa ilà pa "gígùn" nínú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n kọ "róbótó" sí i, wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn kò tíì sọ bóyá wọn yóò gbà mí sí iṣẹ́ ọdún méjì náà.

Mo délé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mi ò tíì mọ̀ bóyá omi tí èérún náà bá fọ̀ ṣeé mu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi òòfà kó èérún róbótó jọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló sì tú ká padà.