Gólì Tí Mo Fẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ mi kú, ní ilé ìwòsàn kan ní Kumasi níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Nígbà tí dókítà sọ fún mi, mo ní kó ṣeun. Mo ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, mo wọ tákísì, mo sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Santasi. Mo ti ta ọṣẹ àti mílíìkì kí n tó rántí pé ó yẹ kí n pe àwọn ọmọ.

Gólì ni ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì ọkọ̀ àlòkù ló ń tà láàárín àwọn mẹkáníìkì ní Suame Magazine, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sí ọlọ́jà. Láti Ọ̀yọ́ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ti mú un wá, èmi náà sì tẹ̀ lé e wá lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Ó ṣọ́ àwọ̀n fún wọn títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ohun kan ṣoṣo làwọn èèyàn ń rántí.

Àṣekágbá ìdíje kan ni. Òjò kò rọ̀, ilẹ̀ kò yọ̀. Wọ́n ń ta ọ̀mì, eré sì ti fẹ́ parí. Bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó mú un, ó fẹ́ jù ú sí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí lọ síwájú atamátàsé ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn sì kàn tì í sínú àwọ̀n ni. Bí wọ́n ṣe pàdánù ife náà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Suame, ìbáà jẹ́ sípánà, ìbáà jẹ́ ife omi, orúkọ ọkọ mi ni wọn yóò pè. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà yẹn náà ń pè é. Bó bá wà nítòsí, á dáhùn pé, "Hùn," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kú, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ń ṣètò eré ìdárayá lórí rédíò pè mí. Twi ló ń sọ, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ọ̀dọ́.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Maame. Kí ni ọkọ yín sọ nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ náà?"

"Ọjọ́ wo?" Mo mọ ọjọ́ tó ń wí.

"Ọjọ́ àṣekágbá."

"Ó ní ebi ń pa òun."

"Wọn ò sunkún?"

"Ó jẹ ẹ̀bà, ó sì sùn."

Mo sọ fún un pé bó bá fẹ́, mo lè sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ mìíràn. Mo fẹ́ sọ nípa ọdún tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ já kúrò ní ìpele àkọ́kọ́, tí ìka rẹ̀ kán, tó so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ náà lé pẹnáritì jáde nínú òjò. Mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Aboabo, bó ṣe máa ń jókòó ti àwọn bàbá wọn lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí á máa bẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi gbà kí àwọn ọmọ náà wá gbá bọ́ọ̀lù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní àkókò ti lọ.

Níbi ìsìn òkú, pásítọ̀ wa náà mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àṣekágbá yẹn. Ó ní Ọlọ́run kì í fi àṣìṣe wa gbá wa lójú. Mo ń wo fáànù tó ń yí lókè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, arúgbó kan wá sílé wa, ó ń fi ọ̀pá rìn. "Due, due," ló ń wí, bí àwọn Asante ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Òun ni atamátàsé tó ti bọ́ọ̀lù yẹn sínú àwọ̀n. Mo fún un ní àga àti omi.

"Maame, góòlù yẹn ni gbogbo èèyàn ń bi mí," ó ní. "Ìyá mi pàápàá ì bá gbá a wọlé. Mo ti gbá bọ́ọ̀lù sí ọkọ yín títí ó fi sú mi. Ìyẹn nìkan ló wọlé."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Bí n bá ti mọ̀ pé òun ni yóò ṣọ́lé lọ́la, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Ó dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. "Mo máa ń wo ọ̀tún kí n tó gbá pẹnáritì sósì. Ó ti mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibòmíràn lónìí.' Mo wo ibòmíràn. Ó ṣì mú un."

Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà bí ẹni pé ilé kejì ló ti ń wá.

"Ṣé ó sọ fún yín pé òun ń wá sọ́dọ̀ mi?" arúgbó náà bi mí. "Nígbà tí orúnkún mi bàjẹ́, tí ẹgbẹ́ mi ò bèèrè mi mọ́, òun ló ń wá mú mi rìn yí ká àgbàlá."

"Kò sọ ọ́."

"Ẹ̀yìn ọdún tó pàdánù ife yẹn ni o."

Mo ní ó dáa. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo wọlé, mo sì ká aṣọ tó gbẹ.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, mo wà nínú ọkọ̀ trotro láti Kejetia nígbà tí mo gbọ́ ohùn arúgbó náà lórí rédíò. Ó ti pe ètò náà fúnra rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ fà á lọ sí ọ̀rọ̀ àṣekágbá.

"Ẹ ti gbọ́ ìyẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò tíì gbọ́."

Bó ṣe ń sọ nípa àwọn pẹnáritì tí ọkọ mi mú lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin tó jókòó tì mí ní òun ò mọ̀ pé gólì náà mọ̀ ọ́n ṣe tó báyẹn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní òun wà lórí ògiri pápá lọ́jọ́ òjò yẹn, ọjọ́ tí ìka kán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn àga mi láti fi hàn bí bọ́ọ̀lù ṣe kan ọ̀pá góòlù. Díẹ̀ nínú ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. N kò sọ fún wọn pé ọkọ mi ni. Nígbà tí a dé ibi tí mò ń lọ, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì dúró lẹ́bàá títì títí ọkọ̀ náà fi lọ.