Màlúù Botomora

Ẹni tó bá ń lọ wádìí ẹranko nílẹ̀ onílẹ̀, kó má rò pé ẹranko ni yóò yọ òun lẹ́nu. Lísà, òyìnbó tó ń tẹ̀lé àwọn simpona, ẹranko bí ọ̀bọ, kiri orí igi nínú igbó wa, ti tọrọ ìwé àṣẹ débi pé ẹnu ń ro ó. Òjò ti ba bátìrì rẹ̀ jẹ́, eṣúṣú ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yó. Ohun tó wá fẹ́ gbé e ṣubú, inú ìkòkò Zafisoa ló ti wá.

Zafisoa ló ń dáná fún un. Opó ni, ará òkè Madagásíkà lọ́hùn-ún, ọkọ ló gbé e wá sí etí igbó yìí. Wọ́n ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lókè. Níbí, èèwọ̀ igbó ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan wà nínú ẹrù Lísà, ọ̀nà ọ̀fun Zafisoa sì ń dá tòlótòló. Ó bá ara rẹ̀ sọ pé abẹ́ tapólì òyìnbó, ilẹ̀ òyìnbó ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ó dà á sí ìrẹsì, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ tán.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Velonjara, àbúrò ọkọ rẹ̀, olórí àwọn àgbà.

"Ọkọ mi, mo se ẹlẹ́dẹ̀ nínú igbó."

"Ìwọ kẹ̀, ìyàwó wa? Ó dáa tó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní wọ igbó mọ́, àfi tá a bá fi màlúù wẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí Lísà gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abo simpona kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ wọ okùn rédíò tí Lísà fi ń tọpa rẹ̀ sọ́rùn, okùn náà sì ti ń wọ̀ ọ́ lẹ́ran. Ìbọn abẹ́rẹ́ oorun Lísà nìkan ló lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò sì tán lópin ọ̀sẹ̀.

"Ìyá, tí n kò bá yọ ọ́, á pa á. Ẹ jẹ́ kí n ra màlúù."

"A kì í fi owó àlejò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ onílé, ọmọ mi. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń mú màlúù ilé rẹ̀ wá."

Màlúù kan péré ni Zafisoa so mọ́lẹ̀. Botomora, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ló ń sìn ín dè, fún ọjọ́ tí wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn òkú ìlú; òkú tí wọn ò bá fa màlúù wá fún, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Ó fa okùn rẹ̀ dé iwájú Velonjara.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn o."

"Mo mọ̀."

"Ìyàwó wa, kò sí òmíràn nílé."

"Ọkọ mi, mo ní mo mọ̀."

Wọ́n pa á, wọ́n ta ọtí sílẹ̀, igbó ṣí. Lísà yìnbọn, abo náà já bọ́ sínú aṣọ tí wọ́n tẹ́ lọ́wọ́ dè é. Egbò ti wà lábẹ́ okùn náà. Ọmọ rẹ̀ kò tu ọwọ́ lára rẹ̀ títí wọ́n fi yọ okùn náà tán. Lísà padà sílùú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún àwọn òkú dé, ilé kọ̀ọ̀kan fa màlúù wá, wọ́n pe orúkọ òkú wọn. Kò sẹ́ni tó pe Botomora. Ojú ti Zafisoa, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi. Ó dúró kí èrò túká kó tó lọ jókòó ti sàréè ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Vola, èmi ni mo ná màlúù rẹ. Tó o bá máa bínú, èmi ni kó o bínú sí. Má fọwọ́ kan simpona yẹn. Ó ń tọ́mọ lọ́wọ́."