Èjí Tí Ayùn Là

Ní ọdún 1988, nígbà tí Títílọlá pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì kò jẹ́ kí ó gbádùn omi tútù mọ́. Láàárọ̀ ọyẹ́, ńṣe ni yóò fi ọwọ́ bo ẹnu rìn láti ilé wọn ní Takie títí dé ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń fọ irinṣẹ́ àwọn dókítà eléyín níbẹ̀. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà lè rò pé ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ẹ̀rín kọ́ o, ìrora ni.

Èjí rẹ̀ ló fà á. Èjí náà lẹ́wà, ẹ má jẹ́ ká parọ́; òun gan-an ló jẹ́ kí Gbádégẹṣin, awakọ̀ lọ́rí, lọ fẹ́ ẹ ní Ìkòyí-Ilé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Gbádégẹṣin nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ohun kan ṣoṣo tó sì rántí nínú ojú ìyá náà ni èjí. Àwọn àgbà ilé ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ á padà wá, kí ó ṣáà fẹ́ eléèjí. Nígbà tó yá, ó di alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, ó ń wàásù fáwọn ẹlòmíì pé ẹni tó bá ti lọ, ó di àjíǹde. Síbẹ̀ kò yéé wá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Bí ẹ bá bi í, á ní òun ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Obìnrin mẹ́rin ni Títílọlá bí fún un. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti pààrọ̀ eyín tán, bàbá á pè é sójú fèrèsé, á ní kí ó ya ẹnu, á wò ó, á mí kanlẹ̀, á padà sórí àga rẹ̀. Ẹ̀ríolúwa kò ní èjí. Martha kò ní. Ṣùbòmí kò ní, ibà sì gbé òun lọ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìfẹ́olúwa, àbíkẹ́yìn, kò ní. Gbádégẹṣin kò lù wọ́n, kò sì fi owó ilé-ìwé dù wọ́n. Ó kàn ń wò wọ́n bí èrò ṣe ń wo mọ́tò tí kò lọ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọ́n fi ayùn la èjí ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Títílọlá nígbà tó gbọ́ pé eléèjí ni Gbádégẹṣin ń wá fẹ́, tó sì lọ jókòó síwájú Bàbá Mátíù, alágbẹ̀dẹ Ìkòyí-Ilé, tó fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ lẹ́yín fún odindi ọjọ́ méjì. Kò sọ fún ọkọ. Ó rò pé bó bá pẹ́ lẹ́nu, ara á gbà á, ọmọ á sì bá a wáyé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ, nítorí Bàbá Mátíù bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà náà, ìyẹn wúwo ju ti ayùn lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì kiri, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún 1988 náà ni Dókítà Safurat, dókítà eléyín, dé láti Ìbàdàn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Iṣẹ́ tó wá ṣe ni pé kó fi sìmẹ́ńtì funfun tó máa ń gan mú àwòrán eyín àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kó lè fi wọ́n wé ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Títílọlá ló ń po sìmẹ́ńtì náà fún un, bí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ ni dókítà ń ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀yìn eyín iwájú àwọn ará Ṣáínà sábà máa ń jin kòtò bí ṣọ́bìrì. Ó ní àgbọ̀n àwọn baba ńlá wa àtijọ́ fẹ̀ ju tiwa lọ, pé láti ìgbà tí ènìyàn ti mọ iná dá tí oúnjẹ sì ti rọ̀ ni àgbọ̀n ti ń kéré láti ìran dé ìran. Ìdí nìyẹn tí erìgì ìkẹyìn, eyín tó ń hù nígbà tí a bá ti dàgbà, kì í fi í ráyè lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ hù rárá.

Ẹnu Títílọlá ló kọ́kọ́ fi dán iṣẹ́ wò. Nígbà tí dókítà gbé sìmẹ́ńtì tó ti gan sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ àlàfo iwájú.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé wọ́n la èjí yìí ni? Mo ń rí ojú ayùn níbẹ̀."

Títílọlá wá ibì kan jókòó sí. "Wọ́n là á. Dókítà, kí ló dé tí ìkankan nínú àwọn ọmọ mi ò mú un?"

"Abàjà tó wà lójú yín yẹn ńkọ́, Màmá? Èwo nínú wọn ló bá a wáyé? Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ ń jogún. Ohun tí irin bá ṣe sí wa lára, ara wa nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Títílọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti wẹ ọmọ mẹ́rin, kò sí ilà lójú ọ̀kankan nínú wọn, kò sì ronú débẹ̀ rí. Ó dùn ún pé gbogbo ọdún tóun fi bímọ lòun fi gbààwẹ̀ kí ọmọ lè ní èjí, ohun tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ òun.

Ní Sátidé, Ìfẹ́olúwa wálé láti Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ilé ìdáná ló ti sọ tẹnu rẹ̀.

"Màámi, mo ti rí bàbá kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán tó ń la èjí. Mọ́ńdè ni mo bá a dá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí Bàbá lè wò mí lẹ́ẹ̀kan."

Títílọlá mọ ìrora tí ayùn ń fi sílẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí eyín rẹ̀ pé pérépéré fẹ́ ba ẹnu jẹ́ nítorí òkú tí kò mọ̀ rí. "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ló sọ. "O ò ní lọ." Ó nu ọwọ́ nù, ó jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Ẹ̀rí, mo ní ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, torí bí mo bá dúró, kò sí agbára tí màá fi tún un bẹ̀rẹ̀." Ó sọ ti Bàbá Mátíù fún un, ó sọ ti ayùn.

Gbádégẹṣin wò ó títí. "O tàn mí jẹ."

"Mo tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan. Nígbà tí mo ń sunkún lábẹ́ ayùn, Bàbá Mátíù ní kí n gba ti ìyá yín wò, pé òun fúnra òun ló la èjí tiwọn náà ní Ìkòyí-Ilé kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Ó ní wọn ò sunkún."

Gbádégẹṣin fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. "Irọ́ ni," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nìyẹn. Èjí nìkan ló kù sí yín lọ́wọ́ lára wọn, mi ò fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n wọn ò bí èjí náà mọ́ ìyá yín, Bàbá Ẹ̀rí, wọn ò lè gbé e padà wá. Bí wọ́n bá wá lóòótọ́, ó lè jẹ́ Ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ Martha. Ẹ yẹ ẹnu wọn wò, ẹ ò kí wọn."

Gbádégẹṣin gbé ojú sókè. "Ṣùbòmí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà, kò sì nù ún. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n bá òun pe Ìfẹ́olúwa. Ọmọ náà wá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, bó sì ti ṣe lójú fèrèsé nígbà tó wà ní kékeré, ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ó ya ẹnu.

Gbádégẹṣin fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lágbọ̀n mú.

"Pa ẹnu dé, ọmọ mi," ló wí. "Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí."