Wọ́n Wá Tọrọ Àràmọ́tù

Láyé ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Àyípadà, nígbà tí tolówó-tòtòṣì ń pe ara wọn ní kàmáráàdì, Ọlátúndé, olùkọ́ ọmọ Ṣábẹ̀, a máa kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ nílé rẹ̀ ní àdúgbò Banikanni. Nínú wọn ni Àràmọ́tù, ọmọ Sàrúmì alábàárù ọjà Arzèkè, ti yege ìdánwò báàkì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ìjọba fẹ́ rán an lọ sí yunifásítì ní Kútọnu, ṣùgbọ́n Sàrúmì kọ̀. Ó ní ọmọbìnrin kì í dá gbé ìlú òkèèrè.

Ọlátúndé bá ra obì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Bàbá, mo wá tọrọ Àràmọ́tù ni."

"Kàmáráàdì, ìwọ tí o níyàwó nílé! Ṣé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ti ń fẹ́ méjì ni?"

"Èmi kọ́ ni ọkọ, bàbá. Yunifásítì ni."

Sàrúmì bú sẹ́rìn-ín. "Ta wá ni ìyá ọkọ tí yóò gbà á sílé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Kútọnu ló ń gbé, ó ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é."

Sàrúmì mú obì náà, ó sì pa á.

"Àràmọ́tù! Jáde wá, ọkọ rẹ dé o!"

Ẹ̀rín ti gba ẹnu Àràmọ́tù lẹ́yìn ilẹ̀kùn.