Èmi Ń Gbé Oògùn Mì, Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ń Sọ̀rọ̀

Lẹ́yìn tí ọmọ ọwọ́ mi kú, oorun dá lójú mi. Àyà mi ń já ṣáá bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ìlú Datcha wá kí mi, ó wò mí, ó pòṣé, ó sì mú ọmọbìnrin mi tó ṣẹ́kù, ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ sílé ara rẹ̀. Ó ní bí orí mi bá pé, kí n wá gbà á. Ọkọ mi ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹ ṣeun kẹ̀! Inú bí mi, ṣùgbọ́n n kò lágbára ìbínú.

Dókítà kan ní Atakpamé fún mi ní hóró oògùn tí n ó máa lò lálẹ́. Ó ní oògùn nìkan kò tó, kí n máa wá bá nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ̀rọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ní ilé ọkọ mi, ìyàwó kì í dá ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú àlejò, àgbà ló ń bá a rò ó. Wọ́n ṣèpàdé. Ta ni wọ́n yàn? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí kan náà! Bí wọ́n ṣe pín ìwòsàn nìyẹn: kí èmi máa gbé oògùn mì, kí òun máa sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì ọkùnrin náà bi mí pé, “Màdámù, báwo lara?”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi já ọ̀rọ̀ gbà. “Ara tiẹ̀ le. Èmi gan-an lara ń dùn.”

Ó ro ẹjọ́ orúnkún, ó ro ti orogún, ó ro ti iṣu tí wọ́n jí wà lóko rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sunkún lórí ọkọ tó kọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń kọrin bọ̀ lọ́nà. Ara obìnrin yá gágá, kò sì gbé hóró kan mì! Èmi ń sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jí, ohun tó wà nínú mi ṣì jókòó síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nọ́ọ̀sì náà rọra sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta. Ẹni tó ń lo oògùn ni kó sọ̀rọ̀.” Ó fìbínú jáde. Mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

N kò sọ púpọ̀. Mo dárúkọ ọmọ mi tó kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn nílé wa, àfi bíi pé ọmọ náà jẹ́ àlejò kan tó yà mu omi, tó sì kọjá. Mo tún un pè. Mo sunkún títí ìborùn mi fi rin.

Oògùn lálẹ́, ọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, mo wọ mọ́tò lọ sí Datcha. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá àgbà tó bá mi wá.

“Ìyàwó, ta ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni, Màmá. Mo wá mú ọmọ mi.”

Ó wọlé lọ di ẹrù ọmọ náà.

Lọ́nà, ọmọ mi fa aṣọ mi. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ dárúkọ àbúrò òun létí mi.

Mo ní, “Pè é, kí n gbọ́.”