Àmín tí mo ṣe sí àdúrà ìyá ọkọ mi

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè ṣe àmín tán kó tún gbà á padà?

Ọ̀la ni àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ wa ní Adó. Tòbí ọmọ mi ló ń ṣọ́lé fún Ìkẹ̀rẹ́. Emùré ni wọ́n fẹ́ bá gbá a. Emùré náà sì ni ìyá ọkọ mi ń gbé.

Láàárọ̀ yìí ni Màmá pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ gbàdúrà. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, níṣojú oníbàárà.

"Ẹsẹ̀ Tòbí ò ní ṣẹ́."

"Àmín!"

"Kò ní fara pa."

"Àmín!"

"Emùré á gbé ife wá sí ulé."

"Àmín o!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ọmọ ọmọ yín ló ń ṣọ́lé fún Ìkẹ̀rẹ́ o!"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣebí òun ni mo kọ́kọ́ gbàdúrà fún. Ara rẹ̀ á le, bọ́ọ̀lù á kàn máa wọlé ni."

Ẹ gbà mí, mo tún ṣe àmín sí ìyẹn náà!

Mo bi ọkọ mi pé ẹ̀yìn ta ló wà. Ó ní kí n gbé oúnjẹ òun wá.

Tòbí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí, òógùn bò ó. Ó ní ṣé Màmá àgbà ti gbàdúrà fún òun. Mo ní wọ́n ti gbà á.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣe àmín dáadáa, àbí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?