Òòlù Gabriel Ṣì Ń Lu Gẹdú

Gabriel Akínṣọlá kú ní oṣù kejì ọdún yìí ní Odígbó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ igbó ọba. Paramọ́lẹ̀ ṣán an lẹ́sẹ̀ lẹ́bàá Àráròmí-Obù, ó pe ọ́fíìsì rẹ̀ pé kí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé òun. Wọ́n ní ọkọ̀ ò ní epo. Ọ̀kadà ló gbé e délé.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin ín, ọkọ̀ náà rí epo. Wọ́n wá gba òòlù.

Òòlù yìí ni ẹ̀ṣọ́ igbó fi ń lu nọ́ńbà rẹ̀ sára igi tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Igi tí kò bá ní àmì, igi olè ni. Nọ́ńbà Gabriel ni mẹ́tàlélógójì. Mo bá a wọgbó lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tó fọwọ́ kan ìdí ìrókò kan, tó sì ń kí igi náà pẹ̀lẹ́ kó tó lù ú. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, “Igi yìí ju bàbá mi lọ. Ṣé kí n lù ú láìkí i?”

Àwọn onímọ̀ ń ti òfuurufú ya àwòrán igbó orílẹ̀-èdè gbogbo. Wọ́n ní ti orílẹ̀-èdè Kọsita Ríkà lókè òkun, tó ti fẹ́ parun tẹ́lẹ̀, ti ń padà hù. Tiwa ń dín kù ni. A gbọ́ ọ lórí rédíò, a mí kanlẹ̀, a yí i sí bọ́ọ̀lù. Ìbínú gan-an ti sú mi. Àwòrán ń fi ibi tí igi ti tán hàn wá, ṣùgbọ́n ta ló ya ẹni tó dúró síwájú igi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀bùnọlá, ìyàwó Gabriel, ń dúró de mọ́tò ní Ọ̀rẹ̀ nígbà tí agbégilódò kan dúró níwájú rẹ̀. Oje ṣì ń sun lára gẹdú tó kó. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì ló wà lójú gbogbo wọn. Oṣù márùn-ún rèé tí a ti sin ọkọ rẹ̀.

Ó wá bá mi pé kí n kọ ọ́ síta, kò sunkún. Ó ní wọ́n ti ń sọ ọ́ ládùúgbò pé Gabriel ti ta igbó kó tó kú.

“Ẹ bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ̀,” ó ní, “ta ló jí ọkọ mi dìde síṣẹ́? Orúkọ rẹ̀ làwọn ọmọ mi ń jẹ́.”

Ẹ ò rí ìgbéga! Nígbà tó wà láyé, kò rí bàtà òjò gbà lọ́wọ́ ọ́fíìsì yín. Ó kú tán, ó wá dẹni tó ń yọ̀ǹda gẹdú.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì, mi ò ní kí ẹ dá igbó padà, mo mọ̀ yín. Ẹ dárúkọ ẹni tí òòlù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé òòlù náà wá síta ní Odígbó, kí ẹ fi ayùn ha nọ́ńbà yẹn kúrò lójú rẹ̀, kí Ẹ̀bùnọlá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọkùnrin yìí ti kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi iṣẹ́.